Mọ́kàndínlógún Nínú Ogún

Barnabé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ìjọba tí o ń ṣe, mo kí òkun Kútọnu náà, kí omi rẹ̀ dúró láyè rẹ̀. Ara wa le ní Idigny níbí. Àgbàdo yè, iṣu ta dáadáa.

Ìròyìn tó tóbi jù ni pé dókítà kan wá láti Kútọnu pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Agathe. Wọ́n ń fi aṣọ di ènìyàn lápá, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí apá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ẹ̀rọ á sì sọ iye tí ènìyàn gbà. Mo gba mọ́kàndínlógún. Ìwọ náà mọ̀ pé ogún ni òpin ohun tí olùkọ́ ń fún ọmọ ilé ìwé, o kò sì gbà ju méjìlá lọ rí. Mo yà sílé Clément, àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, láti sọ fún un, torí mọ́kànlá péré ni òun gbà. Lọ́jọ́ kejì ni Agathe wá sọ pé kí n má yọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kékeré ló dára. Mọ́kàndínlógún ni ìyá rẹ náà gbà.

Wọ́n wá dárúkọ nǹkan mẹ́wàá fún wa, wọ́n ní kí a jókòó díẹ̀ kí a tó kà wọ́n padà. Mo rántí ọkọ́, iyọ̀ àti ewúrẹ́, mo sì béèrè iye tí wọ́n fẹ́ ta ewúrẹ́ náà. Ìyá rẹ ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó fi àwọ̀ bàtà Agathe kún un. Mo sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣàṣìṣe, torí ẹni méjì tó jọ gba iye kan náà kò lè jìnnà síra báyìí. Ó ní ohun tí òun ń wádìí gan-an nìyẹn, bóyá àìsàn yìí ń ba ìrántí àti ẹ̀kọ́ ọkùnrin jẹ́ ju ti obìnrin lọ, ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ̀, ilé kan kò sì tó láti fi dájọ́. Ìyá rẹ ní ilé kan tó òun.

Ì bá má dùn mí bí kì í bá ṣe ti àáró. O mọ̀ pé èmi ni mo ń rántí oko ẹni tó kàn fún àwa àgbẹ̀ méjìlá. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo kó gbogbo wọn lọ sóko Clément lọ́nà Odomèta. A ti kọ ebè dé àárín kí Ṣàngódèyí tó dé, tó ní oko òun ló kàn, iṣu tí òun sè dè wá ti tutù. Wọ́n ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe é, n kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń torí rẹ̀ kí mi lọ́nà oko.

Ìyá rẹ ti ṣètò rẹ̀. Òun ń sọ orúkọ fún mi nídìí ààrò láàárọ̀, èmi ń yára lọ kéde rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣe é, ẹnikẹ́ni kò fura. Bí o bá wálé, má sọ fún Clément. Ìyá rẹ ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, mo sì ti bọ́ sí mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kò rọrùn kí àgbàlagbà máa padà sẹ́yìn.

Jọ̀wọ́ fi owó oògùn oṣù méjì ránṣẹ́ fún àwa méjèèjì.

Ìyá rẹ ń wo ohun tí mo ń kọ, ó ní kí n kà á sókè. Ó ní mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ọ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, owó ti dé, oògùn wà nínú àpótí. Mo lọ wò ó, ó wà níbẹ̀. Nítorí náà má fi owó ránṣẹ́ mọ́, kí o gba èyí bí ìkíni.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ohun tí o kọ́ bá ọ dalẹ́, wàá fẹ́ ìyàwó tí yóò máa bá ọ rántí.

Èmi bàbá rẹ, Ògúndìran.

Ìyá rẹ ní òun kí ọ. Ó ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, èmi ni mo gbàgbé.