Òrí Tí Ìyá Mi Fi Ń Pa Mí Lára

Kaothar ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé ooru Ìwó ò pọ̀ jù? Òtútù ló wà ní Amẹ́ríkà níbí. Mi ò kú o, máà sunkún.

Kíndìnrín mi tí wọ́n yọ fún Bùrọ̀dá Mùkáílà ti ń ṣiṣẹ́. Bùrọ̀dá ti ń tọ̀ dáadáa, wọ́n ń pariwo ẹ̀ bí ẹni tó yege ìdánwò. Mo fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí.

O rántí ohun tí Ìyá mi sọ kí wọ́n tó gbà kí n wá: "Ọmọ mi kì í ṣe ẹran iléyá. Tí wọ́n bá máa là á, kó jókòó sílé." Bùrọ̀dá wá búra fún wọn lórí fóònù pé ọgbọ́n tuntun ti dé, ihò kéékèèké lásán ni wọ́n máa lu sí mi níkùn.

Wọ́n kúkú fi ihò bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló bo inú, àwọn ò ríran mọ́, làwọn bá yára là mí. Ojú ọgbẹ́ náà gùn láti ìhà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdodo. Mo wò ó nínú dígí, mi ò ro nǹkan kan. Àfi bí ara ẹlòmíì.

Bùrọ̀dá ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí Ìyá gbọ́." Mo ní ó dáa.

Tí Ìyá bá bi ẹ́, ihò ni o. Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Òrí tí wọ́n fi ń pa mí lára tí mo bá wẹ̀ tán, sọ pé kí wọ́n máà tọ́jú ẹ̀ dè mí mọ́. Mo ti dàgbà, màá máa para fúnra mi.

Kí gbogbo ilé.

Nusirat