Ohùn Bàbá, Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àtìní, 3 Fẹ́búárì 2025
Láptọ́ọ̀pù mi ti jí. Babáfẹ́mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Èjìgbò ló yọ Windows tó ti kú kúrò, ó fi Línúùsì rọ́pò ẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, pé ẹni tó bá wù ú lè tú inú ẹ̀ wò. Ó ṣí ojú dúdú kan, kò sí àwòrán, kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti na ọwọ́, á ní kí n fi máòsì sílẹ̀. Ọ̀gá Fi-Máòsì-Sílẹ̀ ni mo sọ ọ́.

Àtàláátà, 4 Fẹ́búárì
Ọjọ́ ọjà Aswani. Ó rẹ̀ mí. Mo kọ́ ls — kó fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn mí. cd — kí n bọ́ sí yàrá mìíràn; fódà ni Ọ̀gá ń pè ní yàrá. Ó tán.

Àlàrùba, 5 Fẹ́búárì
mv lónìí. Òun ni wọ́n fi ń gbé nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́, kò fèsì. Mo tún un tẹ̀, ó wá ń ráhùn pé òun ò rí nǹkan náà mọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, Àǹtí Lateefah, tó bá ti dákẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn. Èmi tí wọ́n tọ́ pé tí wọ́n bá kí èèyàn, kó jẹ́ni lóhùn! Ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Jímọ̀, 7 Fẹ́búárì
Nítorí ohùn Bàbá mi ni mo ṣe ń kọ́ ọ. Ládàánì ni wọ́n ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ailegun, kí àìsàn ọ̀fun tó gba ohùn lẹ́nu wọn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí ara wọn ṣì dá, mo máa ń fi fóònù gba ìpè ìrun wọn sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ní kí n gbé ọ̀kan sí i kí àwọn gbọ́. Fóònù yẹn ti ń kú lọ. Wọ́n wà ní Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ àbúrò wọn, Àlàmísì ni wọ́n ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé, mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ti wà nínú láptọ́ọ̀pù, nínú yàrá kan tó ń jẹ́ Bàbá.

Sátidé, 8 Fẹ́búárì
Mo ti gbé e! Mo ṣe àlùwàlá kí n tó jókòó, mo so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ọ̀gá ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní rárá — ohùn tó ń pe èèyàn sí ìrun, a kì í dì í bí òkìrìkà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bísímílláì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. mv, Bàbá. mv, Bàbá. Ẹ̀rọ dákẹ́ ní gbogbo ìgbà. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Àlàádì, 9 Fẹ́búárì
Ọ̀kan péré ló wà níbẹ̀.

Àtìní, 10 Fẹ́búárì
Mo gbé e lọ sí Èjìgbò. Ọ̀gá wò ó, kò rẹ́rìn-ín. N ò kọ́ yàrá náà. mkdir ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, mo gbàgbé. Nígbà tí kò sí yàrá tó ń jẹ́ Bàbá, ẹ̀rọ gbà pé orúkọ tuntun ni mo ń fún ohùn náà. Ìkíní di Bàbá. Ìkejì náà di Bàbá, ó gorí ìkíní, ó pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ títí dórí èyí tó kẹ́yìn. Ó ní ká ní mo kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, ẹ̀rọ ì bá kọ̀, ì bá bi mí pé yàrá dà. Ọ̀wọ̀ tí mo bọ̀ fún wọn ló kó bá wọn.

Ó gbìyànjú láti hú wọn jáde nínú fóònù. Ariwo lásán ló jáde.

Àlàrùba, 12 Fẹ́búárì
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ láyà láti gbọ́ èyí tó kù. Ìpè Jímọ̀ tí ohùn wọn já ni! Wọ́n dé "Hayya alaa", ibi tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn wá kírun, wọ́n húkọ́, ó parí síbẹ̀. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ò gbé e. Nínú gbogbo ẹ̀, òun ló kù. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí.

Àlàmísì, 13 Fẹ́búárì
Wọ́n dé. Fìlà ṣì wà lórí wọn tí mo ti kúnlẹ̀ ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé èwo ló kù. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé e sí i.

Ó dé ibi tí ohùn ti já, ó dúró. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n gbà á níbi tó já sí, wọ́n pè é títí tó fi parí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bu omi àlùwàlá wá fún àwọn.