Má Fi Àtàǹpàkò Fọ Ìkòkò Lọ́sẹ̀ Yìí

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, igi lẹ́yìn ọgbà mi,

Ṣé o ń jẹun, ṣé o sì ń sùn? Mo kí ọ, mo kí àbúrò ìyá rẹ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo kí ọkọ rẹ̀, mo sì kí fóònù wọn, tó máa ń gbé ohùn wa wá kí ó tó kú mọ́ wa lẹ́nu. Ẹlẹ́dàá tó mú ọ dé ìlú ńlá yóò mú ọ jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tẹ̀rín tẹ̀rín. Bí o bá béèrè wa, a wà. Òrùlé ilé ìdáná ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, àga tí ilé ìwé ní kí n kàn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìdánwò àbáwọlé yunifásítì tó ku ọ̀sẹ̀ kan yìí. Lọ́dún tó kọjá wọn ò gbà ọ́, bí kò bá sì tún bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ ni wàá ti máa tajà lọ. Mo lọ bá Tíṣà àgbà, aládùúgbò wa, kó là mí lóye. Ó ní kọ̀ǹpútà ni yóò bi yín ní ìbéèrè, yóò sì kọ ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan péré ló jẹ́ òótọ́. Mo ní ṣé ẹnì kan wà tí wọ́n ń sanwó fún pé kó máa kọ irọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni? Ó ní ó wà. Mo ní ṣé ó kàwé? Ó ní ó kàwé gan-an.

Ó wá ní kí wọ́n tó jẹ́ kí o wọlé, ẹ̀rọ kékeré kan yóò ka àtàǹpàkò rẹ. Fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Irú rẹ̀ wà ní báńkì. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ mí. Mo nu ọwọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò mọ̀ mí. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo sọ orúkọ bàbá mi, mo ní èmi ni mo kan tábìlì tí ó jókòó lé. Ọmọbìnrin náà ní, Bàbá, ẹ má bínú, ọwọ́ yín ò ní ìlà mọ́.

Mo wá rò ó bí káfíńtà ṣe ń ro nǹkan. Ìlà ara igi la fi ń mọ irú igi tó jẹ́. Bí a bá fi sáńpépà ha á títí tó fi dán, tí a tún kùn ún lọ́dà, ta ni yóò dá a mọ̀? Sáńpépà tó ń dán igi, ó ń dán ọwọ́ pẹ̀lú. Ìwọ náà sì ha igi lọ́dọ̀ mi kí o tó lọ, iṣẹ́ rẹ tilẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ.

Nítorí náà, má fi àtàǹpàkò fọ ìkòkò lọ́sẹ̀ yìí. Fi ìka mẹ́rin yòókù fọ̀ ọ́, kí o sọ fún àǹtí rẹ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Máa fi òróró pa á. Má sì fi ṣí ìwé jù, bébà náà ń ha nǹkan. Ìwé kíkà pàápàá, dín in kù: bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹni tó ni àga wá gbé e, káfíńtà kì í gé igi tuntun mọ́, èyí tó ti kàn ló ń mì wò, bóyá ó dúró. Mi èyí tí o ti mọ̀ wò. Tíṣà ní ìmọ̀ràn yìí dáa, pé ti òróró ni òun ò lè jẹ́rìí sí.

Ìyá rẹ ò dúró kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní bí ẹ̀rọ bá kọ tìrẹ, kó ka tòun, òun ló bí ọ, òun ò sì fọwọ́ kan sáńpépà rí. Láti àná ló ti fi aṣọ wé àtàǹpàkò rẹ̀, kò fi fọ nǹkan, kò fi di nǹkan mú. Mo ní ṣé wọ́n á gbà? Ó ní ẹni tó gba irọ́ mẹ́ta láyè, ṣé òótọ́ kan ni yóò lé padà?

Bí o bá rí owó díẹ̀ nínú èyí tí àǹtí rẹ ń fún ọ, fi ránṣẹ́, kí ìyá rẹ fi wọkọ̀ wá. Má fi sí báńkì o. Fún awakọ̀ tó máa ń gba iwájú ilé wa, òun mọ ojú mi.

Ìlà ọwọ́ mi ti tán sára àga ẹlòmíì. Tìrẹ kò ní tán. Ibi tí wọn ò ti mọ̀ mí, wọn yóò mọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Ìyá rẹ ti tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. Ó ní bí ọkọ̀ bá pẹ́, kí o kọ́kọ́ fi èyí hàn wọ́n.