Ta Ni Yóò Jẹ Àtìẹkẹ́ Wa?

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lá àlá yìí: ilé iṣẹ́ funfun kan lọ́nà ìlú Ara, níbi tí ẹgbẹ́ àwa onígààrí yóò ti máa ṣe àtìẹkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ ní Abíjàn. Àwọn ará wa tó bá ti ọ̀hún dé ni yóò máa rà á.

Mo ka ètò ọdún mẹ́ta tí mo kọ lórí rẹ̀ fún ìpàdé ẹgbẹ́ lónìí. Ibi tí a fẹ́ dé wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ oníkálukú. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé ká ta agbada tí a fi ń yan gààrí.

Ìyá Sàfúrà, tó gbé Abíjàn pẹ́, kàn ń rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, o ṣé o. Ṣé o bi wá ṣá? Àtìẹkẹ́ ti sú wa lọ́hùn-ún. Ẹ̀bà là ń sáré bọ̀ wá jẹ nílé."

"Mi ò bi yín, mà."

Ojú tì mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti ti Ìyá Sàfúrà...

Mo tún di ojú báyìí. Ilé funfun náà ṣì wà lọ́nà Ara, ṣùgbọ́n òórùn gààrí ló ń ti fèrèsé rẹ̀ jáde.