Ògiri Tó Dí Àlejò Lójú

Ìyá Ìbejì mi,

Ara mi le bí ọta, má dààmú. Jẹ́ kí n kàn ro ẹjọ́ àwọn ará ibí fún ọ, kí ọkàn mi lè fúyẹ́.

Ògiri tí a mọ lọ́dún tó kọjá láti dá omi òkun dúró, onílé-ìtura tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ó ń dí àwọn àlejò òun lójú. Ni ọ̀gá wa bá fi bàtà dídán rẹ̀ gun orí ògiri, ó ní ká gé e kó kù sí ìbàdí. Mo ní, "Ọ̀gá, tí àlejò bá ń rí òkun, òkun náà á máa rí àlejò." Ó ní mo mọ àwàdà ṣe. Orí yẹn, ibi tó ń gbé fìlà sí lásán ni! Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ mu tíì. Èmi tí mo mọ ògiri ni mo tún ń fi òòlù wó o.

Yàrá wa dára. Ẹ̀yìn ògiri náà gan-an ló wà. Mo kàn gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Bàtà mi ọ̀tún ni mi ò tíì rí láti àná.

Bá mi kí ìyá mi dáadáa. Sọ fún àwọn ìbejì pé wọ́n á wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Kí wọ́n kàn kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó máa bọ̀.

Èmi baba wọn.