Àyálégbé àti Oògùn Egungun

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún
Oṣù mẹ́ta pé lónìí tí mo ṣubú ní balùwẹ̀, tí ọmọ mi fi kó mi wá sílé ara rẹ̀. Olùkọ́ ni. Nínú ìwé yìí nìkan, Ọ̀gá Tíṣà ni mò ń pè é. Ó ya táìmùtébù fún mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì: jíjí, wíwẹ̀, oògùn, oúnjẹ, ìsinmi. Ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wo? Ó tún ra ife oníke kan, olétí méjì, tó ní ìdérí, bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ti Bàbá ni, kẹ́nikẹ́ni má fi mu nǹkan.

Láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan oúnjẹ, gbogbo oògùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti egungun — ó funfun bí ẹfun, ó sì tóbi ju ọ̀fun lọ. Àti ti Àyálégbé. Ọ̀gá Tíṣà á dúró tì mí títí n ó fi gbé e mì. Mo ní oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ni ìkẹyìn yẹn. N ò parọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ náà kúkú ni Àyálégbé ń gbé.

Ọjọ́rú, 7
Jẹ́ kí n dárúkọ Àyálégbé lẹ́ẹ̀kan: HIV. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tó ti wà lára mi, kò san owó ilé, kò kó jáde. Àrùn kògbóògùn ni wọ́n ń pè é, oògùn sì ni mo fi ń kápá rẹ̀ látọjọ́ yìí.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo rò pé ó kù díẹ̀ ni. Atẹ̀wé ni mí nígbà yẹn. Mo mọ irú iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe, n ò lè fi ìsìnkú mi lé wọn lọ́wọ́. Mo fọwọ́ ara mi tẹ ìwé ètò ìsìnkú mi, igba ẹ̀dà, bébà gidi, àwòrán mi níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́. Páálí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú àwọn mẹ́fà tí mo ní kó gbé pósí, mẹ́ta ni èmi fúnra mi ti lọ sin.

Ọjọ́bọ̀, 8
Kíníìkì. Mo sọ fún Ọ̀gá Tíṣà pé ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́ — orí funfun ló kún orí bẹ́ǹṣì, ọ̀pá ìtilẹ̀ níhìn-ín, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwòrán tó wà lára ògiri: ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tó dì mọ́ra. Kò sẹ́ni tó ya àwa.

Nọ́ọ̀sì Onígíláàsì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní ṣé mò ń lo oògùn tuntun kankan? Mo ní rárá. Tí mo bá dárúkọ ti egungun, á gbọ́ ti ìṣubú. Tó bá gbọ́ ti ìṣubú, á ní kí ọmọ mi máa sìn mí wá. Bí mo ṣe ṣe fún Dókítà Àwọn Àgbà tó wò mí lẹ́yìn ìṣubú náà nìyẹn. Ó ní àìsàn wo ló tún ń ṣe mí. Mo ní ogbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ oògùn egungun fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Ọ̀gá Tíṣà ní kí n máa lọ sí ìpàdé yẹn dáadáa, ó ní ojú mi ń dán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù. Kí n wá lọ́la. Kò pè mí rí.

Ọjọ́rú, 14
Àyálégbé ti jí. Ó pẹ́ tí wọn ò ti rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ní báyìí, ó ti bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nọ́ọ̀sì yọ gíláàsì rẹ̀. Ó rọra bi mí bóyá mò ń da oògùn nù. Inú bí mi. Èmi tí wọ́n ń la ẹnu mi wò láràárọ̀! Ó ní kí ló wà nínú ẹnu náà? Mo kà á fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ti egungun, ó gbé bírò sílẹ̀.

Oògùn egungun yẹn, tó bá pàdé ti Àyálégbé nínú ikùn tó ṣófo, ńṣe ló ń dì í mú, kì í jẹ́ kó ráyè wọ ara. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ọmọ mi ń fi ìtọ́jú bọ́ Àyálégbé, èmi ni mi ò sọ fún un.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, ọ̀kan láàárọ̀, èkejì lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ yín. Ẹ ti dàgbà ju kẹ́ ẹ máa dá a gbé lọ."

Ọjọ́bọ̀, 15
Mo fi oògùn egungun pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ọ̀gá Tíṣà ní kí n gbé ahọ́n sókè. Ó mọṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18
Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ti ikú, ìyẹn ti di ọ̀rẹ́ àtijọ́ mi. Ti ife yẹn ni. Bó ṣe yà á sọ́tọ̀ torí ọjọ́ orí mi, mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá wá di torí Àyálégbé, níbo ni kí n gbójú sí nínú ilé yìí?

Ọjọ́ Ajé, 19
Mo ti sọ fún un. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, mo dúró síwájú tábìlì bí ẹni tó pẹ́ dé ilé ìwé. Ó bi mí bóyá ìyá òun mọ̀. Mo ní ó ti kú kí Àyálégbé tó dé. Ó ní, "Ìgbà tẹ́ ẹ ní ibà ni, tẹ́ ẹ gbẹ bí igi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ ti oògùn egungun. Kò sunkún títí dé ibẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mò ń kó o fún yín, Bàámi." Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Ó fọ ife mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 21
Ó gbálẹ̀ yàrá mi, títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́bọ̀, 22
Táìmùtébù tuntun. Àyálégbé láàárọ̀, òun nìkan. Egungun lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo mọ bébà yẹn. Mo ṣí etí rẹ̀ wò: àwòrán mi ti ìwé ìsìnkú ni, irun dúdú, mo dojú kọ ògiri. Ó ní bébà gidi ni, kò sídìí tó fi máa ṣòfò. Táìmùtébù kan lọ́dún kan, igba ló sì wà nínú páálí.

Lẹ́yìn náà ló wá bú mi. Torí irọ́, torí Dókítà, torí ìpàdé fẹ̀yìntì. Ó bú mi títí orí fi ń fọ́ ọ. Ó ju oògùn orí fífọ́ sẹ́nu, ó fa ife olétí méjì tó wà níwájú mi, ó ṣí ìdérí, ó sì mu ún dé ìsàlẹ̀, ó tún ń bú mi lọ.

Tíì mi ni. Kò tiẹ̀ tọrọ.