Ìgò Tó Wà Nínú Orin Wa

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò mi. Ṣé ara yín le? Ṣé eékún tó ń dùn yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Tèmi ò burú. Mò ń jẹun, mò ń sùn, àfi orí mi nìkan ló dàrú. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ máa tọ́jú yàrá mi dè mí, tàbí kí ẹ fi í fún ayálégbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí ná, torí ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀.

Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìlera tí wọ́n gbà mí sí kò ju yàrá méjì lọ, lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí, ló wà ní yàrá àkọ́kọ́. Èmi àti ọkùnrin kan tí a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà la wà ní ìkejì. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọlé, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Òpó. Tábìlì kan la jọ ń lò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú. Bí mo bá ń kọ̀wé, Òpó á di tábìlì mú. Bó bá kàn án, èmi náà á dì í mú. Mo rò pé wọ́n máa kọ́ wa níṣẹ́. Orin ni wọ́n kọ́ wa.

Orin fún àwọn ìyá tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ wọn ni: ìgò omi kan, ṣíbí iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá, ẹ pò ó pọ̀, ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ló ṣe é nígbà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ìgò ńlá kan tó dúdú díẹ̀, tó gbé wá láti ìgboro, la máa ń gbé sókè bí a bá ń kọ ọ́. Ìgò náà ní àpótí tirẹ̀, Òpó ló sì ń rù ú. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ àárín ìlú, bí mo ṣe lanu báyìí, àwọn ìyá gba orin mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ! Wọ́n tún tún ohùn rẹ̀ ṣe fún mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ní ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Kí ni wọ́n wá gbà wá síṣẹ́ fún?

Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí omi ti tán lára wọn ò yé dé sí ilé ìwòsàn. Bí mo bá bi àwọn ìyá wọn bóyá wọ́n fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n á ní, "A fún un o." Ètè ọmọ á sì gbẹ bí èèpo igi. Mo sọ fún ọ̀gá, ó ní kí n túbọ̀ gbé ohùn sókè. Òpó ní bóyá ohùn mi gan-an ni kò dáa. Mo bínú sí i, àmọ́ nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òótọ́ ló sọ.

Aránṣọ kan ni mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lawọ́, ó sì lẹ́nu. Ó ní aṣọ iṣẹ́ mi fẹ̀ tó èyí tí èmi àti ọkọ tí mi ò tíì fẹ́ lè jọ wọ̀. Ọmọbìnrin kan ló ní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tó sì máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí á máa ṣa àjákù aṣọ jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Kí n tó jáde láàárọ̀, mo rán ìyá rẹ̀ létí omi oníyọ̀, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, ọmọ ń sunkún, omijé ò jáde. Mo wo ife, mo wo ìkòkò, kò po nǹkan kan.

Inú bí mi, mo pariwo lé e lórí. Òun náà fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó dìde. Ó ní, "Máa kọ orin rẹ lọ! Mo fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu, gìrì ló mú un, kò sì jí mọ́. Ìwọ tí o ò tíì bímọ, kí lo mọ̀?"

Ìyá mi, mi ò mọ̀ pé ó ti bímọ rí ṣáájú èyí. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Ta ló ń sọ fún àlejò pé ohun tó gbé wá ò dáa? A bá yín kọrin, kí ẹ lè lọ pẹ̀lú ayọ̀." Òótọ́ ni pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ní kó fi bó ṣe po ó nígbà náà hàn mí. Ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kékeré kan wá, irú èyí tí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà níbí ń tà. Ọ̀rọ̀ yín nígbà tí ẹ ń ta epo sọ sí mi lọ́kàn: "Kí o tó yin epo, wo ìgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n." Mo sáré pe Òpó, ó gbé àpótí dé. A rọ omi kún ìgò ńlá tiwa, a wá ń dà á sínú tirẹ̀. Tirẹ̀ kún. A mú òmíràn, ìyẹn náà kún. Ìgò kan inú orin wa, méjì ni nílé rẹ̀. Ìlọ́po méjì iyọ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ.

Òpó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A po ó bó ṣe yẹ, a ń fi ṣíbí fún ọmọ mu, nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó ní kí a má dáwọ́ dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ tọ̀ sí Òpó lára, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ gbé ọmọ mọ́ra. Ó wo àwọn ìgò náà, ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò.

Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá, mo rò pé ó máa lé wa dànù. Ó kàn béèrè pé ọdún wo ni ọmọ àkọ́kọ́ yẹn kú. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó gba ìgò lọ́wọ́ Òpó, ó gbé e lé itan, ó ní, "Èmi ni mo kọ́ wọn lọ́dún náà." Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ láti ilé dé ilé, láìkọrin, tó ń ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìgò rẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó tún lè mọ ohun tó pa ọmọ náà báyìí, pé àìsàn yẹn nìkan tó láti pa á. Nítorí náà, mi ò lè sọ fún aránṣọ pé àwa ni, mi ò sì lè sọ pé àwa kọ́. Kí ni kí n sọ fún un, ìyá mi? Ó ń dùn mí, ó sì ń rú mi lójú.

Ní ti yàrá mi, ẹ fi í fún ayálégbé. Àwọn ìyá ti ń bá mi jiyàn báyìí, ọ̀kan tiẹ̀ ní ẹ̀kọ́ mi ti gùn jù, kí n jẹ́ kí òun lọ dáná. Mi ò rò pé mo ṣì jẹ́ àlejò.

Kí Ọlọ́run bá mi dá yín sí, kí eékún yín gbé yín dé ibi tí mo máa bímọ sí, kí ẹ sì jókòó jẹun ọmọ pẹ́ títí.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, tó ń fẹnu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dààmú yín láti kékeré.

Mo gbàgbé: Aránṣọ ti bá mi gba aṣọ iṣẹ́ mi tó fẹ̀ jù sínú. Ó tún fi àwọn àjákù tí ọmọ rẹ̀ ń ṣà rán àpò kan fún mi. Nígbà tí mo ṣí i, ìgò kékeré orí pẹpẹ yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ìgò náà ni kí n máa gbé sókè báyìí bí mo bá ń kọ́ àwọn èèyàn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kún fún irú ẹ̀, kó jẹ́ kí n ra òmíràn. Ó ní, "Rárá. Èyí ni ọmọ mi àkọ́kọ́ fi mu ún."